Òjò Àkọ́rọ̀ àti Ìgbà Ìrúwé: Ohun tí Ọdún Àjíǹde Lè Kọ́ Ọmọ Ìdànrè

Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn sì ti fa omi odò gbẹ dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run Ìdànrè a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ààrá a sán láàárín àwọn òkè, àpáta a sì dá a lóhùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kò sí àgbẹ̀ kan ní Atosin, ní Aládé tàbí ní Odode tí ó ń wo kàlẹ́ńdà kí ó tó mọ ohun tí ó kàn. Àgbàdo yóò wọlẹ̀. Àwọn ọmọ kòkó tí ó ti hù nínú ọ̀rá dúdú yóò máa retí kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n lè kó wọn lọ sí oko. Ìrókò àti àràbà tí ó ti wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn a tún rúwé.

Ní àkókò kan náà, nínú kíláàsì, ọmọ àgbẹ̀ yìí kan náà lè ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kí ó bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: spring. Ìwé náà yóò sọ fún un pé ìgbà yìí ni yìnyín ń yọ́, tí òdòdó ń tanná, tí ọmọ àgùntàn ń fò kiri lórí koríko. Yóò sọ fún un pé ìgbà yìí ni ọdún Easter, àti pé àwọn ọmọdé a máa kun ẹyin ní àwọ̀ mèremère, ehoro a sì máa gbé e pamọ́ fún wọn láti wá. Ọmọ náà yóò há a sórí, nítorí ìdánwò ń bọ̀. Kò rí yìnyín rí, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un ìdí tí ehoro fi ń gbé ẹyin.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún spring ní orúkọ, wọ́n pè é ní ìgbà ìrúwé, orúkọ náà sì dára. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kì í ṣe àlàyé. Ohun tí ó yẹ kí ọmọ náà mọ̀ ni pé ọdún tí àwọn ènìyàn ń ṣe kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run: ilẹ̀ tí wọ́n ń ro, òjò tí ó ń rọ̀ lé wọn lórí àti òṣùpá tí wọ́n ń wò ni ó máa ń yan ọjọ́ fún ọdún. Ẹni tí ó bá lóye èyí lórí ilẹ̀ tirẹ̀ yóò lóye ti onílé àti ti àlejò, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwé kíkà ti pẹ́ ní Ìdànrè. Kí ìlú náà tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè ní ìdá kìíní ọ̀rúndún ogún, orí òkè ni àwọn ènìyàn Ufẹ̀ Òkè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 ìgbésẹ̀ lọ dé òkè lónìí yóò bá ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO, pé kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fún ipò ohun àjogúnbá àgbáyé. Láti orí òkè yẹn ni A B D ti ń bá ìlù ọdún gbé pọ̀ ní Ìdànrè, kì í ṣe láti àná.

Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 725, Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣírò àkókò. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé inú orúkọ oṣù kan tí àwọn baba ńlá òun fi ń bọ abo òrìṣà tí ń jẹ́ Eostre ni orúkọ Easter ti jáde. Ẹ̀rí mìíràn lórí òrìṣà yìí kò pọ̀, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì yà kúrò lọ́nà tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ń tọ̀. Faransé, Sípéènì, Ítálì àti Gíríìkì, gbogbo wọn ni ó ń pe ọdún náà ní orúkọ tí ó wá láti inú Pesach, èyí tí àwọn Júù ń pe Ìrékọjá.

Yorùbá kò tọ ọ̀nà èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi èdè Yorùbá sí inú ìwé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀ tí ìjọ gbé ru ni Àjíǹde. Orúkọ náà kò mẹ́nu ba òrìṣà tàbí oṣù kankan. Ó sọ ohun tí ọdún náà dá lé lórí ní tààrà: ẹni tí ó kú, ó jí, ó dìde. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kejìlá, ẹsẹ kẹrin, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 kọ Easter sí ibi tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì ti túmọ̀ sí ọdún àwọn Júù. Bíbélì Yorùbá kọ Ìrékọjá. Ọmọ Atosin tí ó bá fi Bíbélì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé èdè ìyá òun mú un sún mọ́ ìtumọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ní ibẹ̀ yẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde ni ìjọ ń pè ní Lẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni Lent nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó di orúkọ ààwẹ̀, ìgbà ìrúwé gan-an ni ó túmọ̀ sí, ó sì tan mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ pé nǹkan gùn, nítorí pé ìgbà náà ni ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i ní ilẹ̀ wọn lẹ́yìn òkùnkùn ìgbà òtútù. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí, tí ó ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìdànrè láti ìgbà èwe rẹ̀, ti ń pe orúkọ spring láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ìgbà tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni kò bá a wọlé.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ tí Àjíǹde yóò bọ́ sí, níwọ̀n bí kì í ti í dúró sí ojú kan bí Kérésìmesì? Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó pé jọ sí Nicaea fi ẹnu kò pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe ọdún náà ní ọjọ́ Àìkú kan náà. Ìṣirò tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò le: láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta, èyí tí ìjọ gbà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn bákan náà, ẹ wá ìgbà tí òṣùpá yóò kọ́kọ́ kún, ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e ni Àjíǹde. Ìdí nìyí tí kò fi lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kẹta, tí kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Ní ọdún 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Ní ọdún 2025, ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Oòrùn fi ọwọ́ sí i, òṣùpá fi ọwọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje náà fi ọwọ́ sí i.

Inú ọdún Ìrékọjá ni òṣùpá náà ti wá, Ìrékọjá sì jẹ́ ọdún àgbẹ̀ àti ọdún ìtúsílẹ̀ papọ̀. Ìwé Ẹ́kísódù pe oṣù tí Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì ní Ábíbù, èyí tí í ṣe orúkọ ọkà tí ó ń yọrí. Ní ilẹ̀ Kénáánì, ìgbà òtútù ni òjò máa ń rọ̀. Nígbà tí Ìrékọjá bá dé, òjò ń parí lọ, ọkà báálì sì ti tó kórè. Ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, ìdàkejì rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀: òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbìn, wọn kò tíì kórè. Ní Gúúsù Áfíríkà àti Australia, ìgbà tí ewé ń wọ́ ni Àjíǹde ń bọ́ sí, nítorí ìgbà tí ó ń yí ní ìhà ibẹ̀ lòdì sí ti Yúróòpù. Ọdún kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń tẹ́ ẹní fún un. Ìwé tí ó bá sọ fún ọmọdé pé ọdún ìgbà ìrúwé ni Àjíǹde láìfi kún un pé ní ilẹ̀ àwọn ta ni, kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹyin àti ehoro náà ní ìtàn tiwọn. Ìjọ àtijọ́ ní Yúróòpù kì í jẹ ẹyin nínú Lẹ́ńtì. Adìẹ kò mọ̀ pé ààwẹ̀ wà, ó ń yé lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Àjíǹde bá pé, ẹyin a ti pọ̀ nílé, jíjẹ rẹ̀ a sì di ayọ̀. Ehoro tí ń gbé ẹyin wá jẹ́ àṣà àwọn ará Jámánì, àwọn tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni ó sì gbé e dé ibẹ̀. Àṣà ìdílé ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò lè ka ìwé náà láìrò pé ohun pàtàkì kan ti fò òun ru nínú ìsìn tí wọ́n bí òun sí.

Ohun tí Yorùbá fi dípò rẹ̀ kò kéré. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé Àjíǹde, ìjọ a máa lọ sí Gálílì. Ìwé Ìhìnrere sọ pé áńgẹ́lì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ pàdé Jésù ní Gálílì. Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá gba àṣẹ náà bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n rán. Wọ́n a wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n a kó oúnjẹ dání, ìlù a ṣáájú, wọ́n a sì jáde lọ sí ìta gbangba tàbí sí abẹ́ igi. Ìjọba Nàìjíríà fi ọjọ́ náà sí ara àwọn ọjọ́ ìsinmi, gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Ní Íjíbítì, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé Àjíǹde ìjọ Kọ́pítì ni wọ́n ń pè ní Sham el-Nessim, ọjọ́ gbígbóòórùn afẹ́fẹ́ tútù. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó jùmọ̀ ń jáde lọ sí etí odò Náílì àti sí ọgbà láti jẹ ẹja oníyọ̀, àlùbọ́sà àti ẹyin tí a kùn. Àwọn ará Páṣíà àti àwọn aládùúgbò wọn ń ṣe Nowruz, ọdún tuntun wọn, ní ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba. Àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ní ọdún 2009. Ní ọjọ́ kẹtàlá rẹ̀, wọ́n a kúrò nínú ilé lọ sí ìta gbangba. Ní Íńdíà, ọdún Holi ni wọ́n ń fi àtíkè aláwọ̀ mèremère da ara wọn, nígbà tí òṣùpá bá kún ní ìparí ìgbà òtútù. Ẹni tí ó ti lọ sí Gálílì rí kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí gbogbo àwọn wọ̀nyí fi ń sá jáde nílé.

Àwọn ìwé tí ó ń ṣàlàyé ọdún ìgbà ìrúwé fún àwọn tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kún un láìpẹ́ yìí, nítorí ó bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ní ọdún 2024 àti òpin oṣù kẹta ní ọdún 2025. Níhìn-ín, ọmọ Yorùbá lè tún ìwé náà ṣe. Kò sí ìlú Yorùbá tí Mùsùlùmí kò sí, ilé púpọ̀ sì wà tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mọ̀ pé ọdún àwọn Mùsùlùmí a máa fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí, nítorí òṣùpá nìkan ni ó ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 2000, ìparí oṣù kejìlá ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí, nínú ọyẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti yí gbogbo ìgbà ká. Àlejò ni ọdún yìí nínú ìgbà ìrúwé. Ó yà síbẹ̀ ni, ó ń kọjá lọ.

Ọjọ́ àwọn ìyá pàápàá nílò àlàyé. Ìjọ Áńgílíkà ń ṣe é ní ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú Lẹ́ńtì, bí wọ́n ti gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ń ṣe é ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù karùn-ún, bí Ààrẹ Woodrow Wilson ti kéde rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1914. Ìyá kan náà lè gba ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀mejì bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá pín sí ìjọ méjì. Ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù náà yóò gbọ́ pé sáà spring ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nínú oṣù kìíní, nígbà tí òtútù ṣì ń bù ú létí. Orúkọ sáà ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè, wọn kò sọ̀rọ̀ òdòdó.

Gbogbo èyí dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Nígbà tí ọmọ Atosin bá ti ṣàlàyé Easter, Holi àti Nowruz tán ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó lè ṣàlàyé Òrósùn? Òrósùn jẹ́ òrìṣà obìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn òkè tí ó ga jù lọ ní Ìdànrè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ìlú ń ṣe ọdún rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ọdún Ògún a tẹ̀ lé e. Wole Soyinka ti fi hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gbé òkè wọ̀nyí: ewì gígùn rẹ̀ lórí Ògún, tí ó fi orúkọ Ìdànrè pè, jáde nínú ìwé ní ọdún 1967, ọdún mọ́kàndínlógún kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel. Kò lọ yá ìgbà ìrúwé ẹlòmíràn kí ó tó kọ ọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan lónìí wà nínú ìròyìn. Ní ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni. Ó ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó kúrò nínú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbẹ́yìn nínú wọn. Ẹni tí ó ti lóye nǹkan ní èdè kan, orúkọ nìkan ni ó kù kí ó kọ́ ní èdè kejì. Ẹni tí kò lóye rẹ̀ ní èdè kankan, orúkọ nìkan ni yóò máa ru kiri.

Bí ìlànà bá tilẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò lè fagi lé òjò. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìdànrè ní ọ̀rọ̀ náà spring lè mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ní oṣù kẹta, kí ó bi í pé kí ni ó yí padà láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọmọ náà yóò ní òjò ti rọ̀, ìrókò ti rúwé, bàbá òun ti lọ gbin àgbàdo, ìjọ ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì, Gálílì kù sí dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn èyí ni Òrósùn. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò wá sọ fún un pé àwọn ènìyàn kan wà ní ọ̀nà jíjìn tí ó jẹ́ pé òtútù ni ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tí oòrùn sì jẹ́ òjò tiwọn. Nígbà tí oòrùn bá padà dé bá wọn, orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbà náà ni spring. Ọmọ náà kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.